Ọfà Tó Wà Lára Àbùùbùtán

Ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí iyanrìn, iyanrìn kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó bá mú fóònù lọ́wọ́, kó tì í bọ àpò, nítorí bí mo bá tún rí fóònù kan tó dojú kọ mí bó ti dojú kọ ìjàpá òkun láàárọ̀ yìí, inú omi lẹni tó ni ín yóò ti lọ wá a. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi Ọdẹ́dìran tí ẹ ń wò yìí, ẹfọ̀n pàdé mi lẹ́ẹ̀mejì nínú igbó, lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹfọ̀n ló yà fún mi lọ́nà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Síbẹ̀, ohun tí mo rí ní etíkun Òkè-Iyanrìn láàárọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi wó. Abiyamọ jáde látinú omi, ó fẹ́ yé ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ tí a fi làálàá rán níléèwé gun orí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ń ya fọ́tò. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ ń jó níbẹ̀. Arúgbó obìnrin kan fi àjẹ̀ ọkọ̀ lé yín sọ̀ kalẹ̀, ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ ní wèrè ni. Ẹ jẹ́ ká fi arúgbó yẹn sílẹ̀ ná. Ìtàn ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ̀yin ni ẹ óò wá fi ẹni tó ya wèrè hàn mí.

Ọdẹ́níyì ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ẹnu òun àti ọmọ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, n kò sì fi iyọ̀ sí i ju bó ti yẹ lọ.

Ọkùnrin náà mọ ọdẹ ṣe, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìjálá rẹ̀ dùn débi pé bó bá ń sun ún lókè odò, àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò a gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́. Ẹ mọ̀ pé bí ọdẹ bá pa ẹran ńlá, kì í kàn yọ ọ̀bẹ tì í. A máa kọ́kọ́ kí i. A ó pe ẹran náà ní oríkì, a ó yin ọ̀rá rẹ̀, a ó yin egungun rẹ̀, kí inú rẹ̀ lè yọ́ sí wa. Ọ̀wọ̀ tí baba wa kọ́ wa nìyẹn, a kò mọ òmíràn.

Ní ọdún kan, Ọdẹ́níyì wọ ọkọ̀ apẹja lọ sójú òkun, ó rí àbùùbùtán tó yọ ẹ̀yìn síta, ó sì ta ọfà onírin kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbùùbùtán rì lọ pẹ̀lú ọfà, ẹ̀jẹ̀ ń tú gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró nínú ọkọ̀, ó ń sun ìjálá tẹ̀ lé e títí tí kò fi rí i mọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi kún oríkì tirẹ̀ pé, “Ọkọ Àbẹ̀ní tó ta òkè lọ́fà.” Bí a bá ti dé ibẹ̀, òun a máa na ọrùn bí àkùkọ. Èmi náà wà lára àwọn tó ń kọ ọ́, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni mo ń bá wí.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kàn án. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùn, ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ kì í gba ìrẹ́jẹ. Òwò ẹja ló ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, ó bá àwọn apẹja lọ sójú òkun, kò bá wọn bọ̀. Gèlè rẹ̀ nìkan ló wà nínú ọkọ̀, gèlè náà gbẹ fúrúfúrú. Àwọn apẹja ní ó rí àbùùbùtán kan nínú omi, ó mú ọ̀bẹ, ó sì bẹ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn kò rí i mọ́. Wọ́n ní ẹranko náà ti gbé e mì. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú irùngbọ̀n nìyẹn o, wọ́n wa ọkọ̀ wálé, wọ́n kò dúró wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọdẹ́níyì kò sunkún. Ìbínú gba ibi tí ẹkún ìbá gbà. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó fi ọ̀bẹ sákọ̀, ó kọjú sí òkun. Ẹni tó pàdé ní èbúté ni Ìyá Ẹ̀fúnlékè, arúgbó tó ń fi ọkọ̀ kó èèyàn sọdá ọ̀sà.

Ìyá náà ní, “Ọdẹ́níyì, ibo lò ń lọ?”

“Ìsàlẹ̀ òkun ni, Ìyá. Mo fẹ́ lọ mú ọmọ mi. Bí kò bá sí ọmọ mọ́, màá gbé orí ẹranko náà bọ̀.”

“Ṣé ó ti wá sí ilé rẹ rí?”

“Ta ni?”

“Àbùùbùtán. Ṣé ó ti wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ, tó wá fi ìbọn wá ọ?”

Ọdẹ́níyì ní kò wá rí.

“Ilé onílé lò ń lọ nìyẹn. Kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Kí onílé kí o tó kọjá níwájú rẹ̀. Má ṣe dúró láàárín ìyá àti ọmọ.” Ó já ewé kan lẹ́bàá omi, ó rún un, ó fi ra imú ẹ̀gbọ́n mi. “Ewé yìí ni yóò máa mí fún ọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá kan ẹni tí kò fún ọ láyè, omi ni wàá máa mí.”

Ọdẹ́níyì kò tilẹ̀ dúpẹ́. Ó rìn wọ inú omi bí ẹni ń wọ yàrá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, òjìjí ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹja náà dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sanra bí ìrọ̀rí, kò sì sí ohun tó le lójú rẹ̀. Ọdẹ́níyì, tí ẹkùn ń bẹ̀rù, ní kí lẹja yìí. Ó nawọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ òjìjí mọ́lẹ̀ rí, ẹ ṣàlàyé fún àwọn tó kù. Apá rẹ̀ kú, ìbọn bọ́, omi rọ́ wọ imú rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbá omi kiri. Ìgbà tó rántí kó ọwọ́ sẹ́yìn ni èémí tó padà.

Òjìjí kò tilẹ̀ yí orí. Ó ní, “Kí ni àlejò máa ń gbàgbé bó bá wọ ilé ẹni tó kéré lójú rẹ̀?”

Ọdẹ́níyì ní, “Ẹ̀bùn.”

“Rárá o.”

“Bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.”

Òjìjí ní, “O kò mọ̀ ọ́n. Máa lọ, wàá mọ̀ ọ́n níwájú. Ṣùgbọ́n ìbọn yìí yóò máa ṣeré lọ́dọ̀ mi.” Ẹ̀gbọ́n mi bojú wo ìbọn náà, ó sì kọjá. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ó dé ìlú àwọn ekurá, ẹja ńlá tí apẹja ń sá fún. Ìlú yìí kò ní odi, kò sì ní ìlẹ̀kùn. Ṣe ni àwọn ará ibẹ̀ ń yí po, ẹni tó bá wọ àárín wọn ti wọlé nìyẹn. Àgbà wọn lójú kan, eyín rẹ̀ tò bí ti ayùn. Ó yí Ọdẹ́níyì po lẹ́ẹ̀kan, ó súnmọ́ ọn. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, ó tún súnmọ́ ọn sí i. Ọ̀bẹ wà nínú àkọ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi sì ń kàn án. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti wà nínú igbó, ó mọ̀ pé ẹni tó bá sá ló pe ara rẹ̀ ní ẹran. Kò sá, kò sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó dojú kọ àgbà náà, ó ń yí bí ìyẹn ti ń yí.

Ekurá ní, “Nílùú rẹ, kí lẹ̀ ń pè wá?”

“Apànìyàn.”

“Ta la pa nílùú rẹ?”

Ọdẹ́níyì ronú. Ó ronú títí, kò rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo dá.

“Àwa mọ àwọn tí ẹ pa,” ni ekurá wí, ojú kan ṣoṣo yẹn kò sì ṣẹ́jú. “Ẹ ń gé lẹbẹ wa lọ tà, ẹ sì ń ju ara tó kù sómi láàyè. Ṣé o ti rí ọkùnrin tí wọ́n gé lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ rí, tí wọ́n ní kó máa rìn lọ sílé? Ẹ̀gbọ́n mi lọ báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rì.”

Ọdẹ́níyì kò já lu ọ̀rọ̀ náà, ó gbọ́ ọ tán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀. Àwọn ekurá yà fún un, kì í ṣe pé inú wọn yọ́ o. Wọ́n ní ẹni tó bá lè dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ lè kọjá.

Lẹ́yìn ìlú náà ló bá ìjàpá òkun pàdé, ìyá àgbà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, ẹ̀yin oníjó. Ó ti rẹ Ọdẹ́níyì. Ó ní, “Ìyá, mo rí i pé ọ̀nà kan náà là ń lọ. Jẹ́ kí n gùn ọ́ lẹ́yìn.”

Ìjàpá dúró. Omi ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní, “Ọgọ́rùn-ún ẹyin ni mo gbé sínú. Láti ìkangun òkun ni mo ti ń gbé wọn bọ̀, nítorí iyanrìn tí wọ́n bí mi sí ni mo gbọ́dọ̀ bí wọn sí. O tún ní kí n gbé ìwọ. Ṣé ìyá tó bí ọ, bó ṣe lóyún rẹ nígbà yẹn, àlejò kan gùn ún lẹ́yìn?”

Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kó má bínú. Ìjàpá ní òun ń bínú o, ṣùgbọ́n kó máa tẹ̀ lé òun, kó sì jìnnà díẹ̀. Ọdẹ́níyì tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, títí tí ìjàpá fi fi imú tọ́ka sí ibi tí omi ti dúdú.

Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ohun tí Ọdẹ́níyì rí níbẹ̀ kì í ṣe mo-rí-nǹkan-fìrí. Ó rò pé òkè ni, àfìgbà tí òkè náà la ojú. Ìbídùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wà láàyè, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀n tí àwọn apẹja ti jù dànù ló wé mọ́ àbùùbùtán láti ìrù dé ọrùn, ó ti gé wọ inú ẹran ara rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Gígé ni Ìbídùn ń gé e láti ọjọ́ tó ti bẹ́ sómi. Ọwọ́ kan ló fi ń gé àwọ̀n náà. Ìkejì wà lórí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹranko náà, kò gbé e kúrò níbẹ̀ rárá.

Inú Ọdẹ́níyì dùn débi pé ìbínú fò lọ. Ó rántí ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹ̀fúnlékè pé kó kí onílé. Ó ní òun yóò kí onílé yìí kíkí tí ẹnikẹ́ni kò kí i rí. Ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, ó sì gbé ìjálá:

“Àbùùbùtán, òkè tí ń rìn lábẹ́ omi,
Ọlọ́ràá tí í tan àtùpà ìlú fọ́dún gbáko,
Egungun rẹ tó ṣe òpó ààfin,
Ẹran rẹ, a jẹ ẹ́, a sá a, a fi ránṣẹ́ sí àna,
Ọjọ́ tí o bá kú, ìkòkò ò ní gbófo.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Ìbídùn. Ọmọ àbùùbùtán tó wà nítòsí sá wọ abẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ìbídùn ní, “Bàbá, ẹ dákẹ́.”

Àbùùbùtán sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ mi egungun ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, “Jẹ́ kó máa kọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ rí. Ọdún méjìlá sẹ́yìn, mo gbé oyún ọmọ mi àkọ́kọ́, mo yọ lókè láti mí. Nǹkan kan wọ ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń jó mi bí iná. Bí mo ti ń sá lọ, ẹnì kan ń kọrin lókè, ó ń sọ bí wọn yóò ṣe pín mi. Oyún náà kò dúró. Ohùn yìí ni. Ohùn náà dùn, n kò gbàgbé rẹ̀.” Ó wá ní, “Ìbídùn, gbé ọwọ́ kúrò.”

Ìbídùn kò gbé e.

“Gbé e kúrò. Láti ọjọ́ tí o ti dé ni mo ti mọ̀ pé o ń bò ó.”

Ìbídùn gbé ọwọ́. Ìdí ọfà onírin kan yọ síta láàárín àpá tó ti wú. Olúkúlùkù ọdẹ ló ní àmì tó ń fi sára ọfà rẹ̀, kí ìjà má baà wà lórí ẹran. Àmì ẹsẹ̀ adìẹ ló wà lára èyí. Àmì baba rẹ̀ ni, ó sì ti dá a mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, ó fi ọwọ́ bo àṣìṣe baba rẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ ọwọ́ méjì.

Àbùùbùtán ní, “Ìwọ ọdẹ, o ní kíkí lo wá kí mi. Kí mi nígbà náà. Kí mi bí o ti ń kí ìyá ẹlòmíràn. Ìmí mi ni ọmọ rẹ ń mí níhìn-ín. Bí o bá tún fi mí sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta, ìmí tí mo fún un yóò tán.”

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ bá a kí i. Ẹ dákẹ́, àbí? Òun náà rò pé ó rọrùn. Ó bẹ̀rẹ̀ pé, “Aláwọ̀ dídán,” ó fẹ́ dúró níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sáré lọ: “aláwọ̀ dídán tó ṣe àpò ọdẹ.” Ìbídùn wúkọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ pé, “Abìrù gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń gbá òkun,” ó rò pé òun ti yege, ẹnu tún sáré lọ: “ọjọ́ tí a ó gé ìrù náà, ogójì ọkùnrin ni yóò rù ú.” Ìbídùn di ọ̀fun mú, ojú rẹ̀ yọ síta. Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń yin ẹran, kò sì tí ì yin ọ̀kan tó wà láàyè rí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹnu rẹ̀ mọ̀, ìdí ààrò ni ọ̀nà náà sì ń já sí. Inú bí i sí ẹnu ara rẹ̀ débi pé ó fi eyín bu ètè jẹ.

Ó wá dákẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó rí ọmọ tó ń yọjú lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ó rí bí ìyá náà ti ń fi ara tó ń dùn ún ṣe ògiri fún un. Àlọ́ òjìjí wá yé e, kíkí ni àlejò máa ń gbàgbé. Kò tún ohùn ṣe mọ́. Ó dojú bolẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

Ó ní, “Ẹ kú ilé, Ìyá. Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kú ìrora. Èmi ni mo ta yín lọ́fà.”

Omi mì. Ìbídùn mí kanlẹ̀.

Àbùùbùtán ní, “Mo fún ọ láyè. Wá yọ ohun rẹ.”

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo ni yóò yọ ọfà tó ti wọ ara fún ọdún méjìlá? Ọfà náà ní ìkọ́ lẹ́nu. Ìbídùn ń fi ọ̀bẹ la ọ̀nà fún un, baba rẹ̀ ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ìrora mú àbùùbùtán, ó gbé ìrù sókè, ìrù tó lè sọ ilé mẹ́wàá di ìyẹ̀fun. Ọdẹ́níyì kò sá. Ó mọ̀ pé ìrù náà ní ẹjọ́ láti rò lára òun. Ìrù náà rọra sọ̀ kalẹ̀, kò kàn án. Ìgbà tí ọfà jáde, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ẹ̀gbọ́n mi sì sun ẹkún tí kò sun nígbà tó gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ kú.

Wọ́n jọ gé àwọ̀n tó kù kúrò lára ìyá náà. Ọdẹ́níyì ní, “Ìyá, ẹ forí jì mí.”

Àbùùbùtán ní, “N kò dárí jì ọ́. Ọmọ mi àkọ́kọ́ kò ní padà wá nítorí pé o kí mi. Ṣùgbọ́n o kí mi, mo sì jẹ́ ọ. Mú ọmọ rẹ máa lọ.”

Nígbà tí wọ́n yọ létíkun, gbogbo ọdẹ ti pé jọ, èmi náà wà níwájú. Mo gbé ohùn, mo ní, “Ọkọ Àbẹ̀ní tó ta òkè lọ́fà.” Ẹ̀gbọ́n mi ju ọfà náà sí ẹsẹ̀ mi, ẹran ara ṣì wà ní ìkọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ́dìran, ẹni tó bá tún fi ìyẹn kí mi, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ló kù.” Kò tún sun ìjálá mọ́ títí tó fi kú. Ọfà náà nìyí. Ẹ gbà á, ẹ gbé e yí ká, kí ẹ fọwọ́ kan ìkọ́ rẹ̀. Kò mú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ bó ti rí.

Ìbídùn ńkọ́? Kò lọ ibì kan. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀fúnlékè kú, òun ló gba ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gba àjẹ̀ rẹ̀. Àjẹ̀ náà ló fi lé yín kúrò lẹ́yìn abiyamọ láàárọ̀ yìí. Òun lẹ pè ní wèrè. Ó wà lẹ́yìn yín láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, lábẹ́ igi àgbọn yẹn. Ẹ wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fi bo ọfà baba rẹ̀ ni kò ti lè tẹ́ ẹ tán mọ́.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde. Ìwọ tó ń jó láàárọ̀, ìwọ ni kó o ṣáájú. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹ̀yin obìnrin, ẹ kúnlẹ̀. Ìbídùn, àwọn ọmọ ń kí ọ o, wọ́n ní kó o má bínú. Kí ló dé tí ò ń na àjẹ̀ sójú òkun?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ibi tó nà á sí. Orí ìjàpá náà ti tún yọ nínú ìgbì, kò rí ẹyin rẹ̀ yé láàárọ̀, ó ń dúró kí a kúrò lórí iyanrìn rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Ìbídùn wí? Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn.

Ó ní, “Kì í ṣe èmi ni ẹ gùn.”